Kò Sí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú U

Ọ̀fàtẹ̀dó, Òṣogbo
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024

Sikirat, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bánjí ọkọ rẹ ńkọ́? Òtútù Leeds ńkọ́, ṣé kò mú jù? Níbí, ọyẹ́ ti gba gbogbo Ọ̀fàtẹ̀dó kan. Eruku bo orí páànù, ó bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ètè mi sì ti bó. Alihamudulilahi, ara le, àfi orókún, ìyẹn náà sì ti di ọ̀rẹ́ mi àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí tí n kò lè gbé mì. Lọ́jọ́ tí o pè mí lópin ọdún, o ní kí Ṣèyífúnmi kí mi. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Èémí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní, "Bàbá, kò tíì máa sọ̀rọ̀ púpọ̀," o sì yára pa fóònù. Ìwọ nìkan ni mo bí, òun nìkan ni ìwọ náà bí, n kò sì mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ọdún kẹta rèé, rédíò nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

N kò fẹ́ bá ọ jà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹ̀bi rẹ ni. Ilé ni ẹ̀kọ́ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Oyìnbó ni ẹ ń sọ sí i láàárọ̀, Oyìnbó ni ẹ ń sọ sí i lálẹ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ya àtẹ lẹ́tà Yorùbá kan fún un. Àwòrán wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ajá lábẹ́ a, bàtà lábẹ́ b, títí dé yànmùyánmú lábẹ́ y. U nìkan ni mo fi sílẹ̀ lófìfo, torí ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. Mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé yìí. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ọmọ ń sùn. Kí ó máa kà á láràárọ̀ kí ó tó jẹun.

Èmi bàbá rẹ,
Jibril Àjàgbé


Leeds
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Èrèlé, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà ọyẹ́. Bánjí ní kí n kí yín. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìwé yìí tí mo pa á rẹ́.

Mo rí àtẹ yín. N kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin tó ń kọ́ Ṣèyífúnmi ní jẹ́lé-ó-sinmi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní dókítà ti yẹ etí ọmọ náà wò, ó ń gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu kò tó ogún. Ó bi mí pé kí ni mo máa ń sọ fún un bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Mo ní mo máa ń ní kó gbé apá sókè. Ó ní, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo ní kò sí mọ́. Kò bá mi wí o. Ó kàn ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, bí mo bá ń gé àlùbọ́sà, bí a bá ń ká aṣọ. Ó ní olùkọ́ kò lè ṣe ìyẹn bá mi, àti pé kí n sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi kọ́ èmi fúnra mi lọ́rọ̀.

Mo délé, mo gbé ọmọ sínú omi, mo la ẹnu. Bàbá, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ṣé ẹ rántí? Mo jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mo wà ní kíláàsì kìíní nílé-ìwé yín ní Iléṣà. Olùkọ́ wa kò wá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà lẹ wá dúró fún un. Ẹ ní kí a máa sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ dé orí u, ẹ ní kò sí, ẹ fẹ́ kọjá. Mo nawọ́. Inú mi dùn dé góńgó, torí mo rántí ohun tí kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ní kíláàsì. Mo ní, "Uṣu!" Ohun tí Ìyá ń pè é nìyẹn bí a bá jọ ń bó o. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Ẹ ní kí n jáde síwájú. Ẹ ní kí n máa wí "iṣu" títí ẹ fi máa sọ pé ó tó. Mo wí i lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, lẹ́yìn náà ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ẹ wá sọ fún olùkọ́ kejì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ mi nílé."

Nígbà tí a délé, ẹ pe Ìyá sí pálọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní, "Fàtímọ̀, má fi èdè oko ba ẹnu ọmọ mi jẹ́ mọ́." Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tí Yorùbá yín dà bí ìwé, òun ọmọ Ẹ̀sà-Òkè. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti wà nílé, ńṣe ni Ìyá á kàn máa nawọ́ sí nǹkan tó bá fẹ́ kí n gbé.

Mo ṣì ń kólòlò bí mo bá gbọ́ ohùn yín. Ìdí tí mo fi ń yára pa fóònù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pè wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa kọ̀wé. Bí mo bá ń ka ìwé yín, ẹnu mi kì í dí.

Ọmọ yín,
Sikirat


Ọ̀fàtẹ̀dó
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024

Sikirat,

Mo ti ka ìwé rẹ. N kò rántí ọjọ́ tí o ń sọ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, ta ló lè rántí ohun tí ó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin alífábẹ́ẹ̀tì. Nínú ìdánwò tí ẹ máa ṣe, iṣu ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ uṣu. Mo fẹ́ kí o yege, o sì yege. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni ìbá gbé ọ dé Leeds? Ìyá rẹ kò fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ mí rí ní odidi ọdún mọ́kànlélógójì tí a fi gbé pọ̀. Bí ó bá dùn ún, ṣé kò lẹ́nu ni?

Lẹ àtẹ náà mọ́ ògiri fún ọmọ.

Bàbá rẹ


Ọ̀fàtẹ̀dó
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Ẹ̀bìbì, 2024

Sikirat mi,

Oṣù méjì àbọ̀ rèé. Àmì búlúù méjì wà lábẹ́ ìwé tí mo kọ lórí Wasáàpù, èyí tó fi yé mi pé o ti kà á. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lánàá ó rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì gbé fóònù sórí itan, bíi pé bí n kò bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀ ni o máa fèsì.

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo rántí ọjọ́ náà. O wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, o kò tíì sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì wà lókè, o ń wo ojú mi bóyá n ó sọ pé o gbà á. Ohun tí mo ń rò kò kan iṣu rárá. Mo ń ro ohun tí olùkọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò sọ nípa ọ̀gá tí ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè oko.

Ìbéèrè tí mo kọ sínú ìwé mi tó kọjá kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo bèèrè bóyá ìyá rẹ kò lẹ́nu. Èmi tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń bèèrè.

Má fèsì bí ó bá ṣòro. Jẹ́ kí n kàn mọ̀ bí ọmọ bá wà dáadáa.

Bàbá rẹ


Ọ̀fàtẹ̀dó
Ọjọ́ Keje, Oṣù Agẹmọ, 2024

Sikirat, ọmọ Fàtímọ̀,

Mo dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́: "Ọmọ wà dáadáa, Bàbá." Mo ti kà á lákàtúnkà bí ẹni ń ka Kùránì.

Mo lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Adéyọrí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Láti ọjọ́ ìsìnkú n kò tíì dé ọ̀hún. Ó jókòó sí ìta gbangba, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bí ó ṣe rí mi, ó pariwo sínú ilé:

"Ẹ pa ẹnu dé o! Tísà ti dé! Wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejìdínlógún!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti sọ fún un. Èmi nìkan ni kò sọ fún.

Mo ní, "Ìyá Adéyọrí, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ta lẹ fẹ́ bẹ̀? Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ti sùn."

"Mo fẹ́ mọ ohun tí Fàtímọ̀ máa ń bá Sikirat sọ bí n kò bá sí nílé."

Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ bá a gbé ọdún mọ́kànlélógójì, èmi lẹ wá ń bi?"

Mo ṣí fìlà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá náà. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó ṣàánú mi. Ó ní nígbà tí òun wá gbé ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà fún oṣù mẹ́jọ, kò sí nǹkan tí ọwọ́ ìyá rẹ ń ṣe tí ẹnu rẹ̀ kì í bá ọ ṣe. Bí ẹ bá ń bó uṣu, ìwọ lò ń ka èèpo. Bí ẹ bá ń to ugi sábẹ́ ìkòkò, ìwọ lò ń yan èyí tó gùn àti èyí tó kúrú. Bí ẹ bá ń sá aṣọ, wàá dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìyá rẹ á mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í pè kí o lè bá a tún un ṣe, tí ìwọ á sì máa fò sókè pé o mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

"Bí a bá ti gbọ́ alùpùpù yín nísàlẹ̀ òkè," ó ní, "Fàtímọ̀ á ní, ó tó. Aago wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Sikirat, nígbà tí o wọ kíláàsì kìíní, o ti lè kà dé ọgọ́rùn-ún. Mo fi ọ́ yangàn fún gbogbo olùkọ́. Mo ní, "Ọmọ tísà ni." N kò bèèrè rí lọ́wọ́ ara mi pé ta ló kọ́ ọ. Mo máa ń jáde kí o tó jí, n ó wọlé, n ó ka ìwé ìròyìn. Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, èmi sì gba orúkọ náà gbọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ilé ni láti sinmi, kí ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ. Ilé mi kò sinmi. Ó ń kọ́ ọ lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀.

Mo mú bírò jáde kí n lè kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ. Ìyá Adéyọrí gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹnu la fi ń kọ́ ọ." Ó nawọ́ sí ilé, mo ní, "Ulé." Ó nawọ́ sí igi ìbẹ́pẹ, mo ní, "Ugi." Ó na igbá ẹ̀wà sí mi, mo ní, "Ugbá." Ó fa imú mi, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mo ní, "Umú." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tísà, ẹnu yín le bí awọ ìlù!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u kún gbogbo àgbàlá yẹn, mo sì fi ọdún márùndínlógójì sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí.

Dárí jì mí. N kò kọ ọ́ kí o lè fèsì sí i.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ìyá Adéyọrí fẹ́ bá Ṣèyífúnmi sọ̀rọ̀. Fóònù tirẹ̀ kò lè fi àwòrán hàn. Bí o bá gbà, n ó máa gbé tèmi lọ fún un ní gbogbo Sátidé. N ó jókòó síta. O kò ní gbọ́ ohùn mi.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Ògún, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn.

Mo ka ìwé yín fún Bánjí. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí Màmá Adéyọrí ti fa imú yín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì mo ra iṣu lọ́wọ́ ará Gánà kan tó ń tajà nítòsí wa. Mo jẹ́ kí Ṣèyífúnmi gbá a mọ́ra. Mo ní, "Uṣu." Mo rọra sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Mo tún sọ ọ́. Ọmọ náà kò wo iṣu, ẹnu mi ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sọ nǹkan kan. Mo ń sọ, mo ń sọ, ó dà bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́ jáwọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá mo ń wẹ̀ ẹ́, ó fi ìka olómi kàn mí nímú. Ó ní, "Umú." Ó fọwọ́ kan tirẹ̀, "Umú." Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà rẹ̀, ó wá imú rẹ̀ títí, kò rí i, ó sì fi ẹjọ́ sùn mí pẹ̀lú ojú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe ìdí pẹ́pẹ́yẹ náà ní umú. Bàbá, ẹ ìbá gbọ́ bó ṣe kígbe pé rárá!

Ẹ gbé fóònù fún Màmá Adéyọrí ní Sátidé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ni. Mi ò fẹ́ kí ọmọ rí mi níbi tí mo ti ń kólòlò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí nǹkan kan. Bí Ìyá bá ń di irun mi, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ níparí, á sì rọra gbá mi lórí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Kí ni?

Ọmọ yín,
Sikirat


Ẹ̀sà-Òkè
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Bélú, 2024

Sikirat, ọmọ mi,

Ìta ilé Ìyá Adéyọrí ni mo ti ń kọ èyí, ọkọ̀ tí n ó wọ̀ padà kò tíì kún. Sátidé kẹsàn-án rèé. Mo ti mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀: ọ̀kadà láti Ọ̀fàtẹ̀dó, ọkọ̀ ní Òkè Fìà, sọ̀kalẹ̀ ní Iléṣà, wọ òmíràn. Orókún mi ń kùn, n kò dá a lóhùn.

Mo ti bi gbogbo ẹni tó yẹ kí n bi nípa ọ̀rọ̀ irun. Ìyá Adéyọrí kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo wà nílé lọ́pọ̀ ìgbà tí ó ń di irun rẹ, mo sì jókòó sí pálọ̀ níbi tí mo ti lè gbọ́. Torí pé mo jókòó níbẹ̀ ni kò fi sọ ọ́. Ohun tí mo bà jẹ́ tí n kò lè rí fún ọ padà nìyí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí mo ṣe ṣèlérí, abẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Ohùn Ṣèyífúnmi ń dé ọ̀dọ̀ mi lápá kan. Mo ti gbọ́ nígbà tí ó pe ugbá. Mo ti gbọ́ nígbà tí ó bú ìyá àgbà pé ó ṣì í kà. Ohùn rẹ̀ nípọn díẹ̀, bí ti ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Lónìí, wọ́n ń yan gààrí lẹ́yìn ilé, èéfín gbá mi lọ́fun. Mo fi fìlà bo ẹnu, ṣùgbọ́n ikọ́ náà jáde. Ọmọ gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Ìyá Adéyọrí ní, "Ewúrẹ́ ni."

"Kì í ṣe ewúrẹ́!"

Mo wá gbọ́ ohùn tìrẹ lẹ́yìn rẹ̀, o ní, "Bàbá àgbà ni."

Ó ní, "Ó ń dùn ún?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èsì wà lẹ́nu mi, Sikirat. Mo di ẹnu mú bí ẹni di ilẹ̀kùn mú lọ́wọ́ ìjì. Ìyá rẹ ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni tèmi, ó sì fẹ́ gbà mí lẹ́mìí.

N kò yẹ àdéhùn. Bá mi sọ fún un pé èéfín lásán ni, kò dùn mí.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Bélú, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú orókún.

Mo sọ fún un pé èéfín ni. Kò gbà. Mo fi ìwé yín hàn án lórí fóònù pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé ìwé náà sétí, ó dúró. Ìgbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé e sí etí kejì. Láti Sátidé ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹfà bóyá ikọ́ ti lọ.

A ó pè ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ má jókòó síta. Ó ṣeé ṣe kí n kólòlò. Bí mo bá kólòlò, ẹ dúró dè mí, ẹ má bá mi parí ọ̀rọ̀.

Ní ti ìbéèrè tó bi yín, ẹ má kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé fún un. Kò tíì mọ̀wé kà.

Sikirat